Họ́ọ̀pù Kì Í Ṣe Iṣu

Gbogbo àṣìṣe tí mo ṣe lórí oko họ́ọ̀pù, ìyá kan náà ló bí wọn: ọmọ oníṣu ni mí. Ẹni tí a tọ́ nídìí ebè a máa rò pé kò sí ìtàkùn tí òun ò lè bá lò. Họ́ọ̀pù, ìtàkùn tí òdòdó rẹ̀ ń fún bíà ní ìkorò àti òórùn, sì jọ iṣu débi tí ó fi lè tan irú wa jẹ. Èyí ń lọ́ mọ́ ọ̀pá, ìyẹn ń lọ́ mọ́ okùn. Ilẹ̀ tí omi kì í dá dúró sí ni àwọn méjèèjì ń fẹ́, kò sì sí èyí tí a ní láti wá hóró lọ kí a tó gbìn ín. Ní ìgbèríko ìpínlẹ̀ New York tí mo tẹ̀dó sí, ilẹ̀ wà, òjò wà, ilé ìpọntí kéékèèké pọ̀. Lójú mi, ohun tó kù kò ju ọkọ́ lọ. Ohun tí n kò rò ni pé iṣu máa ń dúró de ènìyàn. A lè wà á lónìí, ká kó o sí àká, ká jẹ́ kí ọjà gbówó lórí ká tó gbé e jáde. Họ́ọ̀pù kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ìyàtọ̀ yìí nìkan ló sì ba ìṣirò mi jẹ́ pátápátá. Mo gbà báyìí pé ohun tí wọ́n ń pè ní oko họ́ọ̀pù, ilé iṣẹ́ ìkórè àti ìságbẹ ni, tó kàn ní ìtàkùn díẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, gbígbìn rẹ̀ kò le. Gbòǹgbò kan lè wà nílẹ̀ fún ogún ọdún, kó máa hù padà lọ́dọọdún lẹ́yìn tí yìnyín bá yọ́. Tó bá di oṣù kẹfà, ó lè fi ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ga sí i lójúmọ́ kan. Ẹni tó bá fọwọ́ lásán gbá a mú, àwọn ìkọ́ wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ á ha á lápá. Abo rẹ̀ nìkan ló wúlò. Ńṣe ni wọ́n ń fa akọ tu kí abo má baà so hóró. Ọ̀sán gígùn ilẹ̀ òtútù ló sì ń fẹ́, ìdí nìyẹn tí a kò fi ń rí oko rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí Oǹdó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń pọn bíà Star l'Ékòó láti 1949. Níbi tí ọ̀sán àti òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, á ti yọ òdòdó kó tó ga kúrò nílẹ̀. New York kò ní wàhálà yẹn. Òpó ni wàhálà tirẹ̀. Inú igbó la ti ń gé ọ̀pá iṣu. Ti họ́ọ̀pù, igi tó ga tó mítà mẹ́fà ni, tí a ó ta wáyà sí lórí, tí a ó sì so okùn méjì méjì mọ́ fún nǹkan bí 1,000 ìtàkùn nínú ékà kan. Owó igi, wáyà àti rọ́bà omi lè ju 10,000 dọ́là lọ kí ewé kan tó yọ, ìkórè tó nítumọ̀ kì í sì í dé títí di ọdún kẹta. Èyí ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kà á sí owó ìwọlé, mo rò pé jíjẹ ló kù.

Ẹ wá wo ìṣirò tí n kò ṣe. Nǹkan bí ìparí oṣù kẹjọ sí àárín oṣù kẹsàn-án ni òdòdó máa ń gbó, ọjọ́ tó sì dára jù fún irú kọ̀ọ̀kan kì í pọ̀. Òdòdó tútù jẹ́ omi ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Bí a bá kó o jọ sínú àpò, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná fúnra rẹ̀, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti ń bàjẹ́. Kí ènìyàn kan fi ọwọ́ já ìtàkùn kan tán, á tó wákàtí kan. 1,000 ìtàkùn, 1,000 wákàtí. Ní 2024, òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà ní ìgbèríko kí a san ohun tó dín ní 15 dọ́là fún wákàtí kan: 15,000 dọ́là nìyẹn. Ká ní oko náà ṣe dáadáa, tó fún wa ní 400 kílò gbígbẹ. Iye tí àwọn àgbẹ̀ ńlá ń tà á ní Amẹ́ríkà lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí kò jìnnà sí 13 dọ́là ní kílò kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 5,200. Bí apọntí àdúgbò bá tilẹ̀ ṣàánú wa, tó san ìlọ́po méjì, 10,400 ni, owó àwọn tó já a kò tíì pé. Bẹ́ẹ̀ èmi ti ń ronú ohun tí n ó fi èrè rà!

Wọ́n á ní ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a láyé àtijọ́, ní New York yìí kan náà. Òótọ́ ni. Ní 1808 ni wọ́n ti dá oko họ́ọ̀pù tí wọ́n ń tà sílẹ̀ ní agbègbè Madison. Nígbà tó fi máa di 1880, ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin họ́ọ̀pù Amẹ́ríkà lọ tó ń wá láti ìpínlẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ta ló ń já a? Àwọn obìnrin àti ọmọge tí ọkọ̀ ojú irin ń kó wá láti ìlú ńlá, tí wọ́n ń gba owó táṣẹ́rẹ́ lórí àpótí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kún, tí àgbẹ̀ sì ń ṣe agbo ijó fún lálẹ́. Èmi ò mọ ẹni tí mo lè fi ijó dípò owó fún lóde òní. Ètò náà gan-an sì wó: ewé ń bu, kòkòrò ń fa omi ara rẹ̀ mu, àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ń tà ní ẹ̀dínwó, nígbà tí òfin tó de ọtí sì dé ní 1920, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó kù láti sin. Àfonífojì Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington ló jogún òwò náà. Òjò ibẹ̀ kì í ju nǹkan bí ogún sẹ̀ǹtímítà lọ lọ́dún. Omi odò ni wọ́n ń fà sí ìdí ìtàkùn, ewé kì í sì í pẹ́ nínú omi. Òjò tọ̀dọ̀ mi tó ìlọ́po márùn-ún rẹ̀. Òjò tí mo kà mọ́ ìbùkún nígbà tí mò ń yan ilẹ̀, òun ló ń bọ́ àrùn.

Àbá àwọn ọlọ́gbọ́n ni pé kí a ra ẹ̀rọ ìkórè. Ẹ̀rọ tó ń já họ́ọ̀pù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ kò bá ékà kan mu. Oko ńlá ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Kí àwọn àgbẹ̀ kéékèèké dáwó jọ rà á ńkọ́? Èyí tù mí nínú gan-an, àfi ìgbà tí mo rántí pé ọ̀sẹ̀ kan náà ni òdòdó gbogbo wa ń gbó. Àjùmọ̀ní ẹ̀rọ tí gbogbo onílé ń fẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ìjà ló ń dá sílẹ̀. Àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn pátápátá lórí ìlà, ajílẹ̀ ló máa kó lọ sílé.

Mo tún gbà gbọ́ pé ilé ìdáná lè ṣe iṣẹ́ ìságbẹ. Ẹ má gbà á gbọ́. Ooru rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 60 lórí ìwọ̀n Celsius lọ, atẹ́gùn sì gbọ́dọ̀ máa fẹ́ gba àárín òdòdó kọjá. Ohun tí ààrò oníná inú ilé mọ̀ ọ́n ṣe ni kó sun nǹkan. Kílò márùn-ún tútù ló ń di kílò kan gbígbẹ, nítorí náà 400 kílò túmọ̀ sí tọ́ọ̀nù méjì òdòdó tútù tó ń wá ibi tí yóò tẹ́ ara sí. Pálọ̀ kò gbà á, yàrá àlejò kò gbà á. Èyí tí kò gbẹ dénú yóò bu. Èyí tó pẹ́ jù nínú ooru yóò máa rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ilé tó bá ní ajá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí họ́ọ̀pù lè mú kí ara ajá gbóná títí kó fi kú. Tí gbogbo rẹ̀ bá sì gbẹ dáadáa, ọ̀pọ̀ apọntí kò fẹ́ òdòdó. Wọ́n fẹ́ kí a lọ̀ ọ́, kí a tẹ̀ ẹ́ di hóró kéékèèké, kí a dì í sínú ọ̀rá tí kò ní atẹ́gùn, kí a tọ́jú rẹ̀ sínú yìnyín, kí ìwé àyẹ̀wò tó sọ bí ó ti korò tó sì bá a wá. Ẹ ka iye ẹ̀rọ tó wà nínú gbólóhùn yẹn, kí ẹ tó sọ fún mi pé àgbẹ̀ ni mí.

Àtakò tí mo fi ń gbéra ga jù ni òfin. Ní 2012, New York ṣe òfin tó fún àwọn ilé ìpọntí kan ní àǹfààní, bí wọ́n bá lo ohun ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ náà, láti orí ìdá kan nínú márùn-ún, tí iye náà yóò sì máa ga sí i. Mo rò pé ìjọba ti bá mi wá oníbàárà. Ṣùgbọ́n họ́ọ̀pù kò pọ̀ nínú bíà. Bí apọntí bá fi giramu mẹ́rin sí lítà kọ̀ọ̀kan, 400 kílò mi tó fún 100,000 lítà, èyí sì ju ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí abúlé ń pọn lọ́dún lọ. Ékà kan péré ti bọ́ ilé ìpọntí kan yó, ṣẹ́kù. Nígbà tí àwa aládùúgbò bá wá gbin tiwa lẹ́sẹ̀ kan náà nítorí òfin kan náà, òfin kò sọ pé ọ̀dọ̀ mi ni kí wọ́n ti rà á.

Àtakò kan ló lágbára tí n kò rí fèsì sí: ká tà á ní tútù. Àwọn apọntí kan ń pọn bíà pẹ̀lú òdòdó tí a já ní ọjọ́ náà gan-an, a kò sì ní í sá ohunkóhun. Ó ń ṣiṣẹ́, bí apọntí bá wà nítòsí, tí ìkòkò rẹ̀ sì ti wà lórí iná ní ọjọ́ tí òdòdó gbó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, fún ìwọ̀n ìtàkùn tí ẹbí kan lè já láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìlà mélòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà nìyẹn, mo sì fọwọ́ sí i. Ọ̀mùnú rẹ̀ tó ń yọ lẹ́yìn tí yìnyín bá yọ́ tún ṣeé sè bí ẹ̀fọ́. Àwọn ará ilé á ní kí n kúkú fi ewúro rọ́pò họ́ọ̀pù, àwọn onímọ̀ Nàìjíríà sì ti ń ṣe ìwádìí lórí ewúro àti orógbó fún pípọn bíà. Ewúro korò tó, òórùn òdòdó ni kò ní. Mo ti ṣírò tirẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó béèrè: kì í la òtútù oṣù Ṣẹẹrẹ ibí já.