Tókùńkọ́, Ọmọ Jagunjagun

Mo ti wọ agbo ilé tó pọ̀ ní Ìbàdàn, mi ò tíì dé ọ̀kan tí wọ́n ti sọ fún mi pé bàbá ńlá àwọn sá lógun Kírìjì. Gbogbo wọn ló dúró. Gbogbo wọn ló mú ẹrú bọ̀. Mo kọjá sí Èkìtì tó bá wọn jagun ọ̀hún, ohun kan náà ni mo bá: kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Abájọ tí ogun náà fi gbà tó ọdún 16, láti 1877 dé 1893! Ta ni ì bá sá kó parí?

Bàbá Àgbà tiwa ni kí ẹ wá gbọ́. Ẹ bi í pé ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò, ọ̀dọ̀ Odùduwà ni yóò ti gbéra. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Johnson kọ tán ní 1897, àwọn tó gbà á nílùú òyìnbó sọ ọ́ nù, Àlùfáà kú, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ dókítà tún un tò, 1921 ló tó jáde. Ọdún 24 péré! Ẹran tiwa ṣì wà lọ́nà Ilé-Ifẹ̀.

Ìtàn ilé wa gan-an, ẹnu àwọn ìyàwó ló wà. Ìyàwó kì í kúkú pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ èyí tó ń rákò lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé. Òun ni yóò sọ ọ́ lórúkọ mìíràn. Akọ́wé wa kò kọjá ìwé kẹrin. Bírò ló máa ń fi há àpò. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wa sì rèé, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọ ilé ìdáná báyìí. Oríkì orílẹ̀ wa kò mẹ́nu bà á.

Tèmi ńkọ́? Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí ìyàwó àbúrò bàbá mi dé. Ó bu ìrẹsì fún mi. Mo jẹ ẹ́, mo fi ìka nu àwo, mo gbójú sókè: "Èyí tó kù ńkọ́?" Láti ọjọ́ náà, Tókùńkọ́ ni mí. Àlejò á gbọ́ ọ, wọ́n á rò pé Tòkunbọ̀ ni, ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun. Òkun ọbẹ̀ nìkan ni mo là kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ilé. Onílé tó fowó lé owó ilé, tókùńkọ́ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì tó gbé igbá ọrẹ lẹ́ẹ̀mẹta, tókùńkọ́ ni. Ìwọ tó ò ń rẹ́rìn-ín yẹn, tó o fi láílọ́ọ̀nù jọ́lọ́ọ̀fù há abẹ́ gèlè lóde àríyá, kí la ó pè ọ́?

Ìgbà tí mo mú àfẹ́sọ́nà mi wálé, ìyàwó àbúrò bàbá mi yìí kan náà yọjú wo ìkòkò, ó fi ẹnà ilé wa sọ fún ìyá mi pé, "Ẹgẹrangan kògò tógó." Ẹnà ilé wa, ẹ gbọ́ o! Ẹnà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti kọ̀wé lé lórí láti 1982, àwa ṣì rò pé àwa nìkan la ni ín. Àfẹ́sọ́nà mi kúnlẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Ógó tógó, màgàmágá."

Ará Èkìtì ni. Bàbá ńlá tiwọn náà jagun Kírìjì. Mo bèèrè: kò sá.