Ọmọdé Ti Ní Àkísà Ju Àgbà Lọ

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn baba wa. Òun ni wọ́n fi ń pa ọmọ tó bá ń ṣe fújà lẹ́nu mọ́. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ti tó fún olówó láti ra aṣọ kún àpótí. Àkísà kì í yá bẹ́ẹ̀. A ó wọ aṣọ lọ òde ìsọmọlórúkọ, a ó wọ̀ ọ́ lọ òde òkú, a ó wọ̀ ọ́ dé oko, a ó fọ̀ ọ́ títí ojú rẹ̀ á fi ṣá, ẹ̀gún á fà á ya, a ó rán an, á tún ya, kó tó wá di ohun tí ìyàwó ilé fi ń sọ ìkòkò gbígbóná kalẹ̀.

Àmọ́ ẹ dé ìsọ̀ aṣọ ní Yábàá lónìí. Ẹ ó rí ṣòkòtò jíìnsì tó ti ya ní orúnkún méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́ rí. Kíréésì ni wọ́n ń pè é. Ẹ béèrè iye rẹ̀, ọlọ́jà á ní èyí tó ya ló wọ́n jù. Ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n á san owó, á gba àkísà tuntun sínú ọ̀rá, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un. Bí òwe baba wa ṣe kú nìyẹn, ìsọ̀ aṣọ ló kú sí.

Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọmọ náà. Àwa tí a bí i lọ́mọ, kí là ń rà? Gbogbo wa la ń pariwo pé ayé ìgbà èwe wa dùn, àkísà ayé ọ̀hún la sì ń wá kiri, bẹ́ẹ̀ aṣọ rẹ̀ gan-an, a kò fẹ́ wọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá gbọ́njú ní nǹkan bí 1970 sí 1990 mọ̀ pé kò sí ọmọ tí kò ní ìṣúra tirẹ̀. Agolo Bournvita ni ti ọ̀kan, páálí bàtà ni ti èkejì. Ẹ tú u wò: arìn mélòó kan, òkòtó tí ẹnu rẹ̀ ti là, ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi òkúta lù pẹlẹbẹ, kọ́bọ̀ oníhò ayé òyìnbó tí náírà lé kúrò lọ́jà ní 1973, èkúfọ́ síléètì, fótò dúdú-òun-funfun ọjọ́ Iléyá tí onífótò ti ní kí gbogbo ilé má ṣe mí. Bó bá jẹ́ ọmọ ilé kéú ni, wàláà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lówó lórí. Lílò ló sọ wọ́n di ìṣúra. Òkòtó yẹn ti jà, ó ti ṣẹ́gun, ó sì ti mú ẹ̀yìn ọwọ́ ẹni tó ni ín wú lọ́jọ́ tí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ lórí eré.

Nígbà tó yá, onítọ̀hún dàgbà, ó kọ́lé, ó ní àwọn ìdọ̀tí yìí kò gbọdọ̀ bá òun dé ilé tuntun. Agolo lọ sí ààtàn, rẹ́díò onígi tí bàbá rẹ̀ fi ń gbọ́ ìròyìn náà sì tẹ̀ lé e. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó wọ ìsọ̀ kan ní Lẹ́kí, ó rí irú rẹ́díò ọ̀hún, ó san owó tó lè ra tẹlifíṣọ̀n, ó gbé e sí pálọ̀. Rẹ́díò náà kò sọ̀rọ̀. Ọ̀gá náà kò sì ní kó sọ̀rọ̀, ọ̀ṣọ́ ni. Bàbá ẹni ẹlẹ́ni ló gbọ́ ìròyìn níbẹ̀, òun ló wá ń fi í ṣe fújà fún àlejò. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín ọ̀gá yìí àti ọmọ oníjíìnsì?

Ní ti àwọn ọmọ tirẹ̀, fóònù ni àpótí wọn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ti ní fótò nínú fóònù ìyá rẹ̀ ju èyí tí gbogbo agboolé bàbá bàbá rẹ̀ yà títí wọ́n fi kú. Bó ń jẹun, wọ́n á yà á. Bó ṣubú, wọ́n á kọ́kọ́ yà á kí wọ́n tó gbé e dìde. Lọ́jọ́ tí fóònù bá kígbe pé òun ti yó, ìyá á pa ẹgbẹ̀rún kan rẹ́ láìwo ọ̀kan ṣoṣo. Bí olè bá sì já fóònù náà gbà ní Òṣòdì, ìgbà èwe ọmọ ti bá a sá lọ nìyẹn.

Ká bọ́ sórí káàdì ọdún. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, abẹ́ igi Àgíà níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe Kérésìmesì ọdún náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1843, ni Henry Cole ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ ayàwòrán John Callcott Horsley pé kó bá òun ya káàdì kan, nítorí pé lẹ́tà ìkíni tó yẹ kó kọ ti pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Wọ́n tẹ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sílè kan. Ẹ ò rí i pé Kérésìmesì Àgbádárìgì ló ṣe ẹ̀gbọ́n fún káàdì tí wọ́n tẹ̀ tà ní Lọ́ńdọ̀nù, àti pé ọ̀lẹ ni bàbá tó bí káàdì ọ̀hún.

Nígbà tí káàdì máa dé ọ̀dọ̀ wa, ó gbé yìnyín dání. Àwa tí ọyẹ́ ń fẹ́ lù, tí ètè wa là, tí a ń fi òrí pa gìgísẹ̀, àwa la wá ń fi àwòrán yìnyín ránṣẹ́ síra wa láti Ìbàdàn dé Iléṣà. Bàbá onírùngbọ̀n funfun wọ ẹ̀wù òtútù, ẹranko oníwo kan ń fà á lọ lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí, a sì ní ó rẹwà. Ìwà òmùgọ̀ ni, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n òmùgọ̀ ayé ìgbà náà kò sanwó àkísà. Ó wọ aṣọ rẹ̀ gbó ni. Ó wọ mọ́tò lọ sí pósófíìsì, ó tú káàdì orí àtẹ títí ó fi rí èyí tó bá Ìyá Àgbà mu, ó fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀ pé aya òun ti bímọ, pé àpò ìrẹsì ń bá dẹ́rẹ́bà bọ̀, ó wá fi itọ́ lẹ sítáǹbù. Ẹni tó gbà á á so ó mọ́ okùn tí wọ́n ta láti igun pálọ̀ kan dé èkejì, kí àlejò tó bá wọlé lè mọ̀ pé ilé yìí ní ènìyàn. Èyí tó ń kọrin bí a bá ṣí i, àwọn ọmọ á ṣí i, wọ́n á pa á dé, títí bátìrì rẹ̀ á fi kú kí ọdún tuntun tó wọlé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Àtẹ̀jíṣẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ káàdì, WhatsApp tún gbà á lọ́wọ́ àtẹ̀jíṣẹ́. Ní báyìí, bí aago méjìlá òru Kérésìmesì bá ti lù, àwòrán kan náà á wọlé láti ọ̀dọ̀ ogójì ènìyàn. Káàdì ti kú, yìnyín rẹ̀ kò kú. Wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé “láti ọ̀dọ̀ èmi àti ìdílé mi”. Ìdílé ta ni? Ẹni tó kọ ọ́ gan-an, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ka iṣẹ́ tó ń jẹ́ dópin, ni alága ẹgbẹ́ àwọn onílé ní Ṣàgámù bá ń kí ìyá oníyàá ní Adó-Èkìtì kú ọdún, tó sì ń rán an létí owó sẹkiúrítì tó jẹ.

Ní 2001 yẹn kan náà, wọ́n ta ọ̀kan nínú àwọn káàdì Henry Cole ní gbàǹjo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó rẹ̀ sì lé ní 20,000 pọ́n-ùn. Cole fúnra rẹ̀ ló fi káàdì náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àgbà. Bàbá ọ̀lẹ fọwọ́ kọ nǹkan sí ìyá àgbà. Èwo nínú àwọn ogójì tó wọlé sórí fóònù yín lóru ọdún ni ẹnì kan máa náwó lé?

Orin ilé-ìwé ló wá dùn mí jù. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí nǹkan bí 811,000. Olùkọ́ kò tó, ìwé kò tó, àga kò tó. Orin ni wọ́n fi dí àlàfo náà. Orin ni a fi ń ka ení, èjì. Orin ni a fi ń mọ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, ẹ̀yà ara, ìfọyín àti ìgékánná. Ẹni tí kò ní ìwé mú ìwé rẹ̀ délé lẹ́nu, ó kọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀ lẹ́bàá ààrò, ìyá tí kò kàwé sì gbà á kọ. Títí dòní, àwọn ewì inú Aláwíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ wà lórí àwọn tí ọwọ́ wọn kò kan ìwé náà rí.

Kí ẹ má rò pé oyin ni gbogbo rẹ̀. Pàṣán ló ń lu ìlù sí orin mìíràn. A sì kọ tàwọn òyìnbó náà pẹ̀lú: a fi ohùn rara kéde pé afárá Lọ́ńdọ̀nù ń wó, nígbà tí ọ̀pọ̀ abúlé wa kò ní afárá tí ìbá wó. Síbẹ̀, a kọ ọ́, a jó o, ó gbó sí wa lára.

Agbára èdè wa kò sì mọ sórí orin nìkan. Ní 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, títí kan ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Kíláàsì tó lo ìlànà ọ̀hún lọ́jọ́ kan, ẹ wá a kàn fún mi. Ìjọba wa nìkan ló mọ bí a ṣe ń sọ aṣọ tí a kò wọ̀ rí di àkísà.

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni kò sì dúró de ìjọba. Ọmọ tó bá la ẹnu sọ Yorùbá á san owó ìtanràn. Òbí á san án tayọ̀tayọ̀, á tún bọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́. Bó bá wá di ọjọ́ 21 oṣù kejì, ọjọ́ tí UNESCO yà sọ́tọ̀ fún èdè abínibí, ilé-ìwé yìí kan náà á ní kí ọmọ wọ àdìrẹ, kí ó fi tìróò ya pélé sẹ́rẹ̀kẹ́, kí ó kọ orin Yorùbá kan péré. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pè é jáde. Ọmọ á kọ ọ́ bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà mọ́tò, ìyá á yà á sí fóònù, omijé á bọ́ lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá délé, ẹ bi ọmọ léèrè ohun tó kọ.

Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ń bọ̀ náà, ọjọ́ àwọn ọmọdé. Ẹ yà sí báǹkì, ẹ ó rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ti lé ní ogójì ọdún nínú ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ funfun, ike omi kọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n ń ya fótò. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde náà á gba gbọ̀ngàn, wọ́n á rán aṣọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí aṣọ ẹbí, wọ́n á kọ gbogbo orin àtijọ́ mọ́jú. Ilé-ìwé tí wọ́n ń kọrin rẹ̀ wà níbẹ̀, òjò ń wọlé sí i, kò sí ẹni tó rán pákó kan lọ síbẹ̀. Nígbà tí bàbá bá padà délé tó ń wo fídíò orin náà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ọmọ rẹ̀ wá bi í pé kí ni wọ́n ń wí, Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá a lóhùn pé kó lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀.

Ìdájọ́ tèmi kò gùn. Ọmọ wa tó ra jíìnsì yíya kò jalè. Ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́ ọ. A fún un ní yìnyín tí kò tutù, rẹ́díò tí kò sọ̀rọ̀, orin tí kò yé e, a sì ń bínú pé kò mọ ìtàn ìdílé. Ìrántí kò ṣeé rà sílẹ̀ de ọmọ. Ohun tí ọmọ bá bá wa lò títí ó fi gbó nìkan ni yóò ní nígbà tó bá dàgbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bó bá di alẹ́ òní, ẹ pa fóònù, ẹ kọ orin kan fún ọmọ yín, ẹ jẹ́ kó gbè é, kódà bí ohùn yín kò bá dára. Bí ọdún bá dé, ẹ wá ègé páálí kan, ẹ fọwọ́ ara yín kọ orúkọ ìyá yín sí i. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kó dẹ́kun fífi “ayé àtijọ́ dùn” ránṣẹ́ sí wa láràárọ̀. Dátà wa ń tán.