Ẹ̀gbọ́n Elétí Ọfẹ

Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ti jọ jókòó nídìí tábìlì kan náà níbi ìnáwó rí. Òun ni ọkùnrin tó ń fajú ro bí àwọn onílù ti ń so wáyà wọn, tó yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ní, "Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé sípíkà sí! Ṣé wọ́n fẹ́ pa wá ni?" Ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe tàbí ti báńkì, Gbàgádà ló ń gbé tàbí Ọ̀gbà, yàrá kékeré kan sì wà nínú ilé rẹ̀ tí ọmọ kankan kò gbọdọ̀ wọ̀. Lójú rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n là ń pè é. Bó bá ti kẹ́yìn sí wa, ó di Elétí Ọfẹ.

Inú yàrá yẹn ni hẹ́dìfóònù rẹ̀ ń gbé, lórí ìdúró onígi tó wọ́n ju àga tí àlejò ń jókòó lé lọ. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ ń fi sétí nínú bọ́ọ̀sì BRT o. Ẹlẹ́yìn-ṣíṣí ni: ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe ike tó dí pa, àwọ̀n irin ni, afẹ́fẹ́ sì ń gbà á wọlé, ó ń gbà á jáde. Ilé iṣẹ́ Sennheiser ní Jámánì ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ sọ́jà, HD 414, lọ́dún 1968, pẹ̀lú fóòmù aláwọ̀ ìyeyè létí méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n yóò ti sọ ìtàn yìí fún yín tán kí ìyàwó rẹ̀ tó gbé omi wá. HD 600 ni tirẹ̀, èyí tó jáde ní 1997. Mọ̀lẹ́bí kan tó ń bọ̀ láti London ló bá a gbé e wálé láàárín bàtà àti ìpara, Ẹ̀gbọ́n kò sì tíì dárí jì í pé ó ju àpótí náà sílẹ̀ gbì ní pápákọ̀ òfurufú.

Hẹ́dìfóònù náà dára, a ò ní fi ìyẹn dù ú. Nítorí pé ohùn kì í há sínú ike kó máa ta padà, akọrin a máa dà bí ẹni tó dúró nínú yàrá, kì í ṣe nínú agbárí ẹni. Béèsì ló ṣe kù-díẹ̀-káàtó. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbọ̀n nínú rẹ̀ a máa ti afẹ́fẹ́ síwájú sí etí, a sì máa fa ti ẹ̀yìn mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ẹlẹ́yìn-dídé, ti ẹ̀yìn há mọ́lé. Nínú ẹlẹ́yìn-ṣíṣí, kò sẹ́ni tó dè é, ó ń wá ihò tí yóò gbà dé iwájú. Bí ìrọ̀rí etí kò bá lẹ̀ mọ́ orí dáadáa, tàbí tó bá jẹ́ aṣọ àrán tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn á pàdé, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́. Ohùn òkè ń yára gbọ̀n jù, kì í ráyè ìpàdé kankan. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń ráyè. Bí HD 600 ti ń sọ̀ kalẹ̀ kọjá nǹkan bí 100 hertz ni agbára rẹ̀ ń dín, nígbà tí yóò sì fi dé orí okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì, tó ń gbọ̀n nígbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, olóhùn náà ti dà bí ẹni tó ń kí wa láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ẹni tí béèsì wù á lọ ra ẹlẹ́yìn-dídé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé béèsì wu òun. Lójú tirẹ̀, béèsì ni ti onídánfó. Béèsì ni ti ọmọ ọjà Alábà tó to sípíkà jọ títí tó fi ga ju ìsọ̀ rẹ̀ lọ. "Àbúrò," ló máa ń wí fún mi, tí yóò rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ogún hàn mí, "òótọ́ orin lèmi ń gbọ́. Ariwo ni gbogbo ìyẹn." Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Láti ọjọ́ tó ti sọ ọ́ ló ti ń fi owó, oorun àti àlàáfíà ilé rẹ̀ wá ariwo náà kiri, bí kò bá ṣáà ti ní í gba ojú ọ̀nà kọjá kí ẹnikẹ́ni rí i.

Kò ní sọ pé béèsì kò tó. Á ní ohùn náà "kò tíì jókòó". Kó lè jókòó, ó kọ́kọ́ ní àfi kí òun jẹ́ kó kọrin títí ara rẹ̀ á fi rọ̀, ohun tí kò sí ìwọ̀n tó ṣe déédéé kan tó fi hàn pé ó ń mú béèsì jáde. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni hẹ́dìfóònù fi ń dá kọrin fún ara rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, lórí iná invẹ́tà, tí àwọn ọmọ ń fi páálí fẹ́ ara wọn ní pálọ̀. Nígbà tó yọ ọ́ jáde, ó fi sétí, ó mi orí jẹ́jẹ́, ó ní, "Ìyàtọ̀ ti wà." Ìyàwó rẹ̀ ní òun náà rí ìyàtọ̀, lára bátìrì invẹ́tà.

Ó tún kan awò ojú rẹ̀, òótọ́ sì wà nínú èyí. Apá awò ojú máa ń gbé ìrọ̀rí etí kúrò lára orí díẹ̀, ibẹ̀ sì ni béèsì ń gbà sá lọ. Ẹ̀gbọ́n kà á níbì kan, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, béèsì sì wọlé lóòótọ́. Wàhálà tó kù ni pé kò ríran mọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní kíláàsì kẹrin ló wá di akọ̀wé: yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa ka orúkọ orin sókè fún bàbá rẹ̀, bàbá yóò sì máa wí pé, "Rárá, èyí tó wà lókè rẹ̀."

Áńpù onígò ló tún kàn, irú èyí tó ń tàn pupa bí àtùpà. Ìmọ̀ wà nínú ìyẹn náà. Wọ́n kọ 300 ohm sára HD 600, ṣùgbọ́n ní àgbègbè 100 hertz, ìdènà rẹ̀ ga kọjá 500. Bí áńpù bá ní ìdènà tó pọ̀ lára tirẹ̀, bí ti onígò ti sábà máa ń rí, ibi tí hẹ́dìfóònù ti ń ṣagídí yẹn ni yóò ti gbé ohùn sókè díẹ̀. Béèsì á wú díẹ̀ ní 100, nígbà tó jẹ́ pé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní 40, ni àìsàn wà. Inú Ẹ̀gbọ́n dùn títí. Áńpù náà gbóná débi pé ó ń jókòó tì í pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, nínú yàrá tó ti ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ariwo ìta.

Ariwo ìta yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀. Nǹkan tó jẹ́ kí ohùn jáde ló ń jẹ́ kí ohùn wọlé. Ẹlẹ́yìn-ṣíṣí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín Lẹ́kí àti Òkè-Àfà, Ẹ̀gbọ́n sì ń gbé ní Èkó níbi tí mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ajórin ìlẹ̀kùn ti ń pín afẹ́fẹ́ lò. Mo lọ kí i lálẹ́ kan tí wọ́n mú iná lọ. Ó fi hẹ́dìfóònù sí mi létí, ó ní kí n dijú. "O gbọ́ béèsì yẹn? Inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀."

Mo gbọ́ ọ lóòótọ́, inú ilẹ̀ ló sì ti ń bọ̀ lóòótọ́. Ohun kan ṣoṣo tó rú mi lójú ni pé olórin yí ohùn padà, béèsì kò yí. Jẹnẹrétọ̀ télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ni, èyí kékeré tí gbogbo wa ń pè ní I better pass my neighbour. Ẹ́ńjìnnì yẹn ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ tó lè bá ti ìjọba mu, ó sì ń yìnbọn ní gbogbo ìgbà tó bá yípo. Ẹ pín in sí 60: ó di 50 hertz. Ohùn G ìsàlẹ̀ lára gìtá béèsì, 49 ni. Télọ̀ tí kò mọ ohun kankan nípa orin ti bá Ẹ̀gbọ́n wá ohun tí Jámánì kò rí fún un, epo bẹntiróòlù nìkan ló sì ná an.

Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ náà láàárín orin. Béèsì kú pátápátá. Ẹ̀gbọ́n gba hẹ́dìfóònù lórí mi, ó fi sétí, ó gbọ́ díẹ̀, ó wá wo wáyà rẹ̀ látòkè délẹ̀ bí ẹni tó mú olè. "Wáyà yìí ni. Mo ti mọ̀ pé wáyà yìí máa dójú tì mí." Ó ra òmíràn.

Nígbà tó yá, ó sún ìgbọ́ràn rẹ̀ sí aago kan òru, ó ní iná ìjọba máa ń mọ́ ní wákàtí yẹn. Iná wo? Àmọ́ òru kò ṣe é pariwo, nítorí gbogbo ohun tí ẹlẹ́yìn-ṣíṣí bá ń kọ ni ìyàwó ń gbọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń rẹ ohùn sílẹ̀. Láti 1933 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Fletcher àti Munson, ti wọn etí ènìyàn tí wọ́n sì fi hàn pé bí a bá ti rẹ ohùn sílẹ̀, béèsì ló ń kọ́kọ́ pòórá létí wa, kí ohùn àárín tó pòórá. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ṣe jí lóru, ó bọ́ awò ojú, ó tan iná ìgò, ó sì jókòó ti ìwọ̀nba béèsì tó kéré jù tí ẹ̀dá lè gbọ́.

Oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Equalizer ni. Equalizer APO wà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà Windows; ẹ gbé ohun tó wà nísàlẹ̀ 100 hertz sókè ní dẹ̀síbẹ́lì mẹ́fà, ẹ rẹ gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà kó má baà ya, ó tán. Lóòótọ́, dẹ̀síbẹ́lì mẹ́fà ń béèrè agbára ìlọ́po mẹ́rin lọ́wọ́ áńpù, bí a bá sì ṣe é láṣejù, awọ kékeré yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Ṣùgbọ́n fún orin tí ènìyàn gidi ń gbọ́, ó tó. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Ó wò mí bí ẹni tó ní kó fi omi lú ọtí àna.

"Kí n wá máa tún iṣẹ́ olórin ṣe fún un?"

Áńpù onígò ń kọ́? Wáyà tuntun ń kọ́? Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Mo sọ fún un pé láti nǹkan bí 2012 ni Sean Olive àti Todd Welti ní ilé iṣẹ́ Harman ti ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn yí béèsì síbi tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbé e sókè, àwọn tí gbígbọ́ jẹ́ iṣẹ́ wọn náà wà níbẹ̀. Ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn.

Kí ló tiẹ̀ ń gbọ́? Hotel California tí àwọn Eagles kọ lójú agbo lọ́dún 1994 ni, ìlù tó wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan. Kí akọrin tó lanu, ó ti dá a padà. Ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú kún fún àwo Haruna Ishola, Oroki Social Club ti 1971 wà níbẹ̀, pẹ̀lú àgídìgbo tó ń rìn nísàlẹ̀ orin láìkánjú. Ó ní wọn kò gbà á sílẹ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀, níbi ìnáwó tí a ní lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ìyá ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í pe oríkì ìdílé wọn tí béèsì sì ń lu àyà gbogbo wa, ohun tí hẹ́dìfóònù kankan kò lè ṣe, mo bojú wo abẹ́ tábìlì. Bàtà ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n ti bọ́, ẹsẹ̀ náà ń ṣe tirẹ̀. Òkè tábìlì ṣì ń fajú ro.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí, ó ní ẹrù kan ń bọ̀, ṣé wọ́n lè gbé e wá sílé mi kí ìyàwó má baà rí i. Mo gbà á. Àwòrán tó wà lára páálí rẹ̀ kò fara pamọ́: ẹlẹ́yìn-dídé ni, gìrìwò, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ béèsì sí i ní lẹ́tà ńlá lápá mẹ́ta. Alẹ́ ló wá mú un.

"Ọmọ mi ni mo rà á fún, àbúrò."

"Èwo nínú wọn, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ọkùnrin."

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ lóṣù tó kọjá ni. Agbádá ọjọ́ náà ṣì wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Mo bá a gbé páálí náà dénú ọkọ̀. Mo ní, "Ọlọ́run á wò ó, sà. Orí rẹ̀ á tètè tó o."

Ó ní àmín.