Ọ̀nà Kan Ò Wọjà, Àmọ́ Oníbodè Kan Ló Wà

Ọ̀nà kan ò wọjà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ kan yóò fi òwe yìí gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ bàbá kan nítorí ilẹ̀ Àfò.

Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí (n kò ní dárúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ṣì ń gbowó oṣù níbẹ̀), inú database ẹlẹ́dà púpọ̀ la kó ààlà ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ sí. Ẹ̀dà àgbà ni DEFAULT. Lára rẹ̀ ni kálukú ti ń ṣí ẹ̀dà tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ ẹnìkejì lẹ́sẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni.

Ọmọ wa yìí kọ́ Python fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó kọ script tí yóò pààrọ̀ orúkọ àwọn onílẹ̀ Àfò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tẹ̀ ẹ́, ArcGIS, software tá a fi ń ya ààlà ilẹ̀, sì ta kò ó: wọn kì í tún nǹkan wọ̀nyí ṣe láìṣí edit session. Ìyẹn ni pé, kí oníbodè kí o tó wọlé. Láti 2012 tí ArcGIS 10.1 ti dé ni arcpy.da.Editor ti wà fún ìkíni náà. Kí lọmọ wa ṣe? Ó kọ try, ó kọ except, ó kọ pass. Ó fi àkísà di oníbodè lẹ́nu! Script sáré, ó tẹ "Ó ti parí" jáde, ó sì ra mínírà fún gbogbo wa. Orúkọ kan ṣoṣo kò yí padà.

Mo bá a yọ àkísà náà. A kọ startEditing(False, True), True yẹn ló ń sọ pé ẹlẹ́dà ni nǹkan tá a fẹ́ tún ṣe. A ṣí operation, a pa á dé, a kọ stopEditing(True). (Èmi náà kọ False síbẹ̀ rí. Iṣẹ́ àárọ̀ kan gbáko wọmi, kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ wúkọ́.) Lọ́tẹ̀ yìí orúkọ yí padà, mo sì bá tèmi lọ.

N kò mọ̀ pé ọmọ wa ò reconcile (kó fi ẹ̀dà tirẹ̀ wé DEFAULT), kò sì post (kó kó àtúnṣe rẹ̀ wọ inú DEFAULT). Gbogbo àtúnṣe rẹ̀ wà nínú tábìlì A (ti àfikún) àti tábìlì D (ti ìyọkúrò), lórúkọ ẹ̀dà tirẹ̀ nìkan. Ẹ̀dà mìíràn ló tún ń ṣí: Afo_final, Afo_final2, Afo_final_tooto.

Láti 1978 tí òfin ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ìwé lẹnu ilẹ̀. Bàbá kan wá láti Àfò wá wo tirẹ̀. Orúkọ ẹlòmíràn ló jáde.

"Ẹ má bínú, Bàbá, orúkọ yín wà níbẹ̀. Inú ẹ̀dà tèmi ló wà."

"Ẹ̀dà tìẹ? Ṣé ilẹ̀ mi pé méjì ni?"

"Bàbá, ọ̀nà kan ò wọjà."

"Mo gbọ́. Ọjà wo wá nìwọ wọ̀?"

A reconcile lójú Bàbá. Conflict gbalẹ̀: ìyáàfin tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé ti tún ìlà kan náà ṣe, ó sì ti post tirẹ̀ láti ọjọ́ Tuesday. Kọ̀ǹpútà wá ń béèrè èwo la fẹ́ mú nínú orúkọ méjèèjì. Ọmọ wa wojú mi, mo wojú ìyáàfin. Bàbá fa àga, ó jókòó, ó ní kí wọ́n bá òun wá omi mu.