Ẹnjiníà Kò-Sí-Wàhálà

Bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ rí nílé alájà púpọ̀ l'Ékòó, ẹ ti pàdé rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè nígbà tí áláàmù iná bá ń ké láìsí iná. Á ní òun ti wà lórí afárá Third Mainland, bẹ́ẹ̀ ẹ ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Nígbà tó bá wá dé, fóònù méjì ló gbé dání, kò gbé àkàbà. Ẹni tó fẹ́ yẹ ditẹ́kítọ̀ ara síìlì wò, tí kò mú àkàbà wá, kí ló wá ṣe?

Tó bá ń wá iṣẹ́, ilé gogoro iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ NET tó jóná ní Marina ní 1983 ló fi ń dẹ́rù ba àwọn ọ̀gá. Tó bá ti ríṣẹ́ gbà, iná kan ṣoṣo ló kù tó ń bà á lẹ́rù: iná yẹ́lò ara panẹ́lì áláàmù.

Ẹ wo bó ṣe ń pa á. Wáyà tó ti inú panẹ́lì lọ yí àjà kan ká, resistor kékeré kan ló wà ní ìparí rẹ̀. Iná díẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá ni panẹ́lì fi ń mọ̀ pé wáyà òun ò já. Bí eku bá gé e jẹ, yẹ́lò á tàn. Olóòótọ́ á gòkè, á ṣí síìlì, á wá ojú ibi tí eku ti ṣọṣẹ́. Ti ẹnjiníà wa ò rí bẹ́ẹ̀. Á wo ọ̀tún, á wo òsì, á tú wáyà náà kúrò lẹ́nu panẹ́lì, á ki resistor tí kò gùn tó ìka ìkókó bọ ojú ihò rẹ̀. Yẹ́lò kú, gíríìnì ń tàn. Panẹ́lì gbà pé òun ń ṣọ́ gbogbo àjà náà. Resistor yẹn nìkan ló ń ṣọ́. Odidi àjà, tòun ti gbogbo ọmọ ọlọ́mọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀!

“Mádàámú, kò sí wàhálà mọ́. Eruku ni.”

Eruku ló ń jẹ̀bi gbogbo ẹ̀. Ó dáa, ta ni wọ́n ń sanwó fún láti nù ún? Ditẹ́kítọ̀ kan wà tí eruku ò kàn rí: èyí tí ọ̀rá tí wọ́n fi dé e lójú láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án mọ́ síìlì ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ dáná igi sábẹ́ rẹ̀, kò ní mọ̀.

Mo mọ àwáwí rẹ̀: onílé ò fẹ́ náwó, bátìrì méjì inú panẹ́lì tó ti wú, ó ní kí wọ́n ṣì máa lò wọ́n bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣé onílé ló ní kó kọ ọ́ sínú ìwé pé bátìrì dára? Ìwà ìkà ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀.

Ó buwọ́ lùwé, ó gba owó ọkọ̀, ó sì ta sikiọ́rítì lólobó: bí áláàmù bá tún ké, kó ṣáà tẹ bọ́tìnnì tó ń pa á lẹ́nu mọ́.

“Ṣé èyí tí lẹ́tà ara ẹ̀ ti pa rẹ́ yẹn, ọ̀gá?”