Ẹ̀kọ́ Ilé Mi Kò Dé Ekete

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń ya fọ́tò ìdágbére. Kò ní pẹ́ tí a ó fi gba ìwé-ẹ̀rí, tí oníkálukú yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ óò máa gbọ́ lẹ́nu wọn pé àwọn gbẹ́ kànga, pé àwọn tún ilé ìwé ṣe. Èmi náà kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní Ekete, níjọba ìbílẹ̀ Udu lẹ́bàá Warri, n kò sì kọ́ wọn burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ béèrè àgùnbánirọ̀ tó wá láti Ìbàdàn, kò sẹ́ni tí yóò dárúkọ ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí àwọn tá a jọ sìnlú tó bá mi sọ ọ́.

Gowon ni kí ẹ bi. Ìjọba rẹ̀ ló dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní 1973, lẹ́yìn ogun Bìáfrà, kí ọmọ Yorùbá lè gbé láàárín àwọn Urhobo, kí ọmọ Hausa lè gbé láàárín Ìgbò, kí a lè mọ ara wa. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a lò ní ibùdó Issele-Uku, fèrè àti ìlà títò ni wọ́n fi kọ́ wa. N kò bẹ̀rù. Ọmọ tí a kọ́ nílé ni mí. Ibo ni ìkíni ò ti wúlò?

Nígbà tí mo dé Ekete, bàbá onílé mi mú mi lọ kí àwọn àgbà ẹbí wọn. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni (òjò Warri kì í béèrè oṣù tá a wà). Bí mo ṣe rí ewú lórí, mo na gbalaja sílẹ̀ tòun ti aṣọ funfun ìjọba. Ọmọ kékeré kan figbe ta: "Corper don faint!" Wọ́n sáré gbé mi dìde. Àṣé orúnkún ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á wí pé "Migwọ", àgbà á sì dáhùn pé "Vrẹndo". Èmi ti wọnú ẹrẹ̀ tán.

Wọ́n nù mí, a jókòó. Wọ́n gbé obì wá nínú àwo, ìgò ọtí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, owó lórí rẹ̀. Ìṣe àwọn Urhobo nìyẹn: owó ni wọ́n fi ń ti obì lẹ́yìn fún àlejò. Ọtota, ìyẹn agbẹnusọ ẹbí, dìde, ó sọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, ó na àwo sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Àwo ń rìn bọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi kàn mí. Álàwíì oṣù yẹn, ₦77,000 tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, kò tíì wọlé. Mo ní "Thank you, sir," mo ká owó náà sí méjì, mo kì í bọ àpò ṣòkòtò, mo sì gbé obì fún ẹni tó kàn.

Àgbà tó fẹ́ súre sórí rẹ̀ ti na ọwọ́. Wọ́n wo àwo, wọ́n wo àpò mi. Bàbá onílé mi ń wo òrùlé. Ó pẹ́ kí ẹ̀rín tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò tán mọ́. Mo fẹ́ dá owó padà, wọ́n ní rárá o, kó jókòó síbi tó wà. Bí àgbà yẹn ṣe gbé ọwọ́ lé mi nítan nìyẹn, tí wọ́n ṣàdúrà sórí àpò.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Deve. Bàbá onílé ń kọ́ yàrá sẹ́yìnkùlé, wọn ò sì sí nílé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ já iyanrìn. Àwọn géńdé kan wọlé, wọn ò rẹ́rìn-ín: "We come for deve." Mo ní, "Deve no dey house. Make una come back for evening." Owó tí àwọn ọmọ àdúgbò ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé ni deve, òun ni ìjọba Delta tìtorí rẹ̀ ṣòfin ní 2018. Èmi rò pé èèyàn ni. Ọ̀kan bi mí bóyá mo mọ Deve dáadáa. Mo ní jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin náà. (Ó kàn wù mí kí n ṣe bí onílé ni.) Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbàgbé ohun tí wọ́n bá wá. Láti ọjọ́ náà, Deve lorúkọ mi.

Ti sítáàṣì ló wá burú jù. Nílé wa, aṣọ ni sítáàṣì wà fún. Káàkí mi rún, mo gba ọjà lọ. Màmá kan wà níbẹ̀ tó kó o sínú ọpọ́n, ó funfun, ó tutù, ó rí gbàǹgbà.

"Corper, which soup you wan use am chop?"

"No be to chop, ma. Na for my trouser."

Wọ́n yíjú sí ẹlẹ́ja ẹ̀gbẹ́ wọn: "Come hear wetin corper wan feed im trouser!"

N kò dá wọn lóhùn. Mo po sítáàṣì mi, ó ki jù, mo ki káàkí bọ̀ ọ́, mo sá a sórí okùn, mo lọ sùn. Ewúrẹ́ àdúgbò, tí òun kì í béèrè ọbẹ̀, jẹ ẹsẹ̀ kan ṣòkòtò náà dé orúnkún. Aránṣọ bá mi fi káàkí tó ti ṣá lẹ̀ ẹ́. Òun náà ni mo máa wọ̀ parí ìsìnlú. Màmá yìí ló wá fi epo ro sítáàṣì fún mi nígbà tó yá, tó pọ́n ràkọ̀rakọ, pẹ̀lú ọbẹ̀ báńgà tí wọ́n fi ẹyìn sè. Mo jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ẹran, ó lẹ̀ mọ́ mi láàjà, wọ́n ní kí n máa gbé e mì.

Lọ́sẹ̀ yìí mo lọ dágbére fún wọn. Wọ́n di sítáàṣì ńlá kan sínú ọ̀rá, ó di ọwọ́ ìyá mi, wọ́n sì kọ́ mi bí a ṣe ń rò ó. Mo tẹ ìyá mi láago kí wọ́n lè dúpẹ́. Ìyá mi súre, wọ́n tún súre, wọ́n ní Ọlọ́run ló rán obìnrin náà sí àwọn, pé láti ọjọ́ tí àwọn ti ra àdìrẹ tuntun làwọn ti ń wá sítáàṣì gidi tí yóò mú un le.

Màmá dá fóònù padà fún mi. "Ah," ni wọ́n wí, "so na family matter."