Ìbéèrè Mẹ́ta Tí Kọ̀ǹpútà Bi Bàbá Réluwéè

Ìyá Ìbejì, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ará Abẹ́òkúta ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́? Ẹ gbé báàgì yẹn sílẹ̀ ná, ẹ jókòó. Ẹ ò sí nílé, nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé èmi kì í tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀; agbo ni mò ń tà lẹ́nu géètì yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sẹ́nu géètì, ṣé yóò fi òwú di etí ni?

Bàbá Réluwéè ni. Kọ̀ǹpútà wọn kọ̀, kò ṣí fún wọn mọ́. Èyí tí ọmọ wọn rà wá láti Kánádà yẹn, tí gbogbo àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ onílé àti ìwé pẹ́ńṣàn wọn wà nínú ẹ̀. Wọ́n lọ sìnkú nílùú, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa dé, pásíwọ́ọ̀dù ti fò lọ lórí wọn. Bàbá tó lè ka orúkọ gbogbo ibùdókọ̀ ojú irin láti Ìddó títí dé Kánò láìmí! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ̀, wọn ò rántí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí gbogbo ojúlé dà bò ó. Ẹ mọ ilé wa. Ẹnìkan ní kí wọ́n tẹ "Jésù ni Olúwa". Ẹnìkan ní ọjọ́ ìbí. Láńlọ́ọ̀dù ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá Caps Lock ló wà nílẹ̀, ìyẹn nìkan sì lọ́rọ̀ ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìgbà náà ni ìyàwó Bàbá sún mọ́ ọn, wọ́n ní, "Ẹ tẹ orúkọ obìnrin tó ń ta ẹja l'Ọ́yìngbò yẹn, ká wò ó." Kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní kì í ṣe òun. Àmọ́ òógùn tó bo Bàbá lójú, Ìyá Ìbejì, ẹ ò rí i!

Ọjọ́ kejì, oníṣẹ́ kan dé láti Computer Village, ní Ọ̀tígbà, Ìkẹjà. Ọkọ̀ ojú irin pupa ló wọ̀ dé Ọyìngbò, tó wá gun kẹ̀kẹ́ Márúwá dé ọ̀dọ̀ wa ní Costain. Ẹ sì mọ̀ pé Bàbá ò lè gbọ́ "ọkọ̀ ojú irin" kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n fa ọmọlọ́mọ lọ sí bàǹkóní, wọ́n nawọ́ sí aláwọ̀ búlúù tó ń kọjá lókè lápá Tíátà, pé èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní September 2023 yẹn, iná mànàmáná ló ń fà á. Pé èyí tó gbé e wá, ti October 2024, dísẹ̀lì ló ń mu. Oníṣẹ́ ń wo aago. Ó ní kò sí wàhálà, òun á kàn fọ́ọ́máàtì ẹ̀, á sì ṣí. Bàbá ní, "Ìwé inú ẹ̀ ńkọ́?" Ó ní ìyẹn á lọ o. Ẹ gbọ́ o! Ènìyàn sọ kọ́kọ́rọ́ nù, o ní kí wọ́n dáná sun ilé?

Ti Àǹtí Télọ̀ tó ń gbé lókè, tí àwọn náà gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù tiwọn, tiẹ̀ burú jù ú lọ. Ìmeèlì Microsoft ni wọ́n fi ń wọ tiwọn, ìyẹn sì rọrùn: ènìyàn lè fi fóònù ẹlòmíì tún pásíwọ́ọ̀dù ṣe, kóòdù ni wọ́n á kàn fi ránṣẹ́ sí láìnì rẹ. Láìnì wo? Èyí tí wọ́n ti jù sínú dúrọ́ọ̀ látọjọ́ yìí! NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iléeṣẹ́ fóònù, sì ti sọ ọ́: láìnì tí wọn ò bá náwó lórí ẹ̀ fún oṣù 6, wọ́n lè tì í, bó bá tún di oṣù 6 mìíràn, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì. Ọkùnrin kan ní Kàdúná ló ń gba kóòdù Àǹtí Télọ̀ báyìí. Ó ti ń kí wọn káàárọ̀ lójoojúmọ́. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì ló yọ wá, èyí tó wà ní Yabatech. Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà náà, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ṣé ẹnikẹ́ni ti ka ohun tí wọ́n kọ síbí?" Àṣé bí ènìyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ ṣì, ìlà kékeré kan máa ń yọ lábẹ́ pé kí ó tún pásíwọ́ọ̀dù ṣe. Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀, ẹnìkan ò kàwé! Ó ní láti 2018 ni Windows 10 ti ń bi ẹni tí kò fi ìmeèlì wọlé ní ìbéèrè mẹ́ta nígbà tó bá ń ṣètò. Ẹni tó bá dáhùn wọn bó ṣe dáhùn lọ́jọ́ yẹn, á wọlé, ìwé kankan ò sì ní sọnù. Ó tẹ ibẹ̀. Ìbéèrè yọ: kí ni wọ́n ń pè ọ́ ní kékeré? Ilé ìwé wo lo kọ́kọ́ lọ? Ìlú wo làwọn òbí rẹ ti pàdé?

Bàbá tẹ Akin. Wọ́n tẹ St. Jude's. Wọ́n tẹ Ọ̀fà. Kọ̀ǹpútà ní rárá. Wọ́n pe ọmọ wọn ní Kánádà, torí òun ló ṣètò ẹ̀. Ọmọ ní, "Dádì, mi ò rántí bí mo ṣe kọ ọ́, àmọ́ òtítọ́ ni mo kọ. Àǹtí àgbà ni mo bi."

Òtítọ́! Bàbá ní kí gbogbo wa jáde. Ta ló máa jáde?

Àǹtí àgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin, ẹ rántí pé jẹ̀díjẹ̀dí mú un nígbà tó wá kí wọn. Ta ló fún un lágbo? Agbo sì máa ń tú ahọ́n. Mo kàn rọra sọ ọ́ sétí ọmọ Yabatech: Ajẹ̀wà. Ilé kéwú. Mínnà. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ réluwéè ní Mínnà, ìyá wọn ń gbé ẹ̀wà kiri ní stéṣọ̀n, ọ̀rọ̀ sì di ìyàwó. Kí ló burú níbẹ̀? Ọdọọdún ni Bàbá ń sọ fún wa pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀fà ni wọ́n ti pàdé. Kọ̀ǹpútà gbà á wàràwàrà, ó ní kí wọ́n tẹ pásíwọ́ọ̀dù tuntun. Ẹ̀rín pa àwọn ọmọ kéékèèké. Bàbá wò mí báyìí. Wọn ò dúpẹ́.

Ọmọ yẹn wá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní Fernando Corbató ní MIT, tí àwọn ènìyàn ẹ̀ gbé pásíwọ́ọ̀dù wọ kọ̀ǹpútà ní nǹkan bí 1961, ojú ẹ̀ náà rí nǹkan. Ní 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Allan Scherr, tí wákàtí tí wọ́n fún un kò tó o, ní kí ẹ̀rọ tẹ pásíwọ́ọ̀dù gbogbo ènìyàn jáde sórí bébà, ó sì tẹ̀ wọ́n! Nígbà tí Corbató fúnra ẹ̀ darúgbó, ojú ìwé bíi mẹ́ta ló fi ń kọ tiẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, kí Bàbá kọ tiwọn sínú ìwé, kí wọ́n fi sáàárín ìwé ìfẹ̀yìntì wọn. Ẹni tó bá fi ìmeèlì wọlé, kí ó wá kọ́kọ́rọ́ BitLocker tiẹ̀, àgádágodo tó ń ti ìwé inú ẹ̀rọ pa, nọ́ńbà 48 gbáko ni, kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí wàhálà tó dé. Bí ẹ̀rọ bá bèèrè ìyẹn tí kò sí, kò sí fláàṣì oníṣẹ́ kankan tó lè kó ìwé inú ẹ̀ yọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, ó ní kò sí òfin pé ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́. Irọ́ tí ìwọ nìkan mọ̀ sàn ju òtítọ́ tí gbogbo ojúlé mọ̀. Kí Bàbá yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà lójú ẹsẹ̀.

Bàbá ní ilẹ̀ ti ṣú, pé ó di àárọ̀.

Ìyá Ìbejì, ta ló tún mọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ìyàwó wọn! Nígbà tí Bàbá ń hanrun, mo rí iná kọ̀ǹpútà lójú fèrèsé. Ohun tí wọ́n kà níbẹ̀, mi ò mọ̀, mi ò sì béèrè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹran nìkan ló ń wọ ìkòkò wọn. Ẹja ò wọlé yẹn mọ́.